Fóònù Tí Ọwọ́ Kan Lè Gbé

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ìyá ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí a ti orí ọwọ́ yín bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá tó pọn ọmọ, tó sì gbé agbọ̀n ọjà lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún un láti fi mú fóònù. Bí fóònù náà bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ, tí àtàǹpàkò rẹ̀ kò lè dé òkè ojú rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ wá ibi sọ agbọ̀n kalẹ̀ kó tó lè dá ẹni tó pè é lóhùn. Aṣọ wa kò sì ní àpò. Etí ìró ni àwọn ìyá wa ń so owó mọ́; ta ni yóò so fóònù ńlá mọ́ etí ìró?

Ínǹṣì ni àwọn tó ń ta fóònù sábà máa ń kà fún ni. Láti igun kan dé igun kejì ni wọ́n ti ń wọn ínǹṣì náà, kò sì sọ bí fóònù ti fẹ̀ tó. Fífẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ béèrè. iPhone 13 mini, tó jáde ní ọdún 2021, fẹ̀ tó mìlímítà 64, ó sì wúwo tó gíráàmù 140. Samsung Galaxy S24 ti ọdún 2024 fẹ̀ tó mìlímítà 71. Àwọn ńláńlá a máa fẹ̀ tó mìlímítà 77 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì máa wúwo ju gíráàmù 200. Ó ṣe ni láàánú pé àwọn kékeré ń tán lọ lọ́jà: Apple ti dáwọ́ títa iPhone 13 mini dúró ní ọdún 2023, tòkunbọ̀ ló sì kù fún ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé fóònù kékeré, bátìrì kékeré. Ti iPhone 13 mini tí a dárúkọ yìí kò ju nǹkan bí 2,400 mAh lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ fóònù Tecno àti Itel ní 5,000. Bí iná mànàmáná kò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní àdúgbò yín, ní tèmi, ẹ fara mọ́ èyí tó fẹ̀ díẹ̀, kí fóònù má baà kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní ọ̀sán gangan.

Ti ímeèlì kò le. Fóònù Android tí kò gbówó lórí pàápàá yóò ṣe é. Ìrántí ọjọ́ ni kí ẹ fi ọkàn sí. Ní Nàìjíríà, ọmọ a máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọjọ́ ìbí, ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14, lẹ́yìn náà ní oṣù 9 àti oṣù 15. Láàárín ọ̀sẹ̀ 14 sí oṣù 9 ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti lè gbà á lọ́kàn ẹni. Ẹ kọ gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí sínú kàlẹ́ńdà fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kó dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá lo kàlẹ́ńdà Google, bàbá ọmọ náà lè máa rí i lórí fóònù tirẹ̀, bí fóònù yín bá sì sọnù, àwọn ọjọ́ náà kò ní bá a lọ. Káàdì ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ sọnù síbẹ̀síbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ owó àjọ ni ẹ fẹ́ fi ra tòkunbọ̀, ẹ má kánjú sanwó. Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà oní-díjíìtì 15 yóò jáde, ẹ fi wé èyí tó wà lára páálí rẹ̀. Kí ẹni tó ń tà á pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ ní ojú yín, kó sì tún un tàn: bó bá béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Ẹ fi síìmù tiyín pe ènìyàn kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Láti orí iPhone 14 ti ọdún 2022, àwọn tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò ní ojú ihò síìmù rárá; ṣíṣí síìmù sórí ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń lò, ohun tí a kò rí láti òkèèrè.

Níkẹyìn, olè. Ẹni tó bá jí fóònù lè yọ síìmù rẹ̀ sínú fóònù mìíràn, kó sì fi í wá owó yín ní báǹkì, bí ojú fóònù tiyín tilẹ̀ wà ní títì. Ẹ fi nọ́ńbà àṣírí ti síìmù fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SIM PIN. Ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù, nítorí bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò tì pa. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín bí a ti ń ti àkáǹtì pa ní pàjáwìrì, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kan nílé, kì í ṣe sínú fóònù náà.