Igi Orí Ilẹ̀ Àyálò

Ní ayé àwọn baba wa, bí àlejò bá tọrọ ilẹ̀ oko lọ́wọ́ onílẹ̀, tí ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ dọ́dún dọ́dún, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè bí ó bá kọ ebè, tí ó gbin iṣu, tí ó gbin àgbàdo, tí ó sì fi ẹ̀fọ́ yí ahéré rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí onílẹ̀ bá rí ọmọ igi obì kan ṣoṣo tí ó ń yọrí bọ̀ láàárín ebè náà, ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yóò di ti ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Iṣu kò ju ọ̀rọ̀ ọdún kan lọ: a wà á, a jẹ ẹ́, ilẹ̀ a sì padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Igi a máa pẹ́ ju ẹni tí ó gbìn ín lọ, ẹni tí ó bá sì ní igi lórí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ náà pẹ̀lú.

Òfin àgbà yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń ro ti iṣẹ́ igi gbígbìn tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Atlanta, ní Amẹ́ríkà, lẹ́bàá ọ̀nà kan tí ó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti fi apá kan rẹ̀ pamọ́ fún ọkọ̀ ojú irin tí kò tíì dé. Irin ni ó bí Atlanta: ní 1837 ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe òpin ojú irin, orúkọ tí wọ́n sì kọ́kọ́ ń pe ibẹ̀ ni Terminus, èyíinì ni ibi tí ọ̀nà pin sí. Nígbà tí ó yá, ojú irin tí ń kó ẹrù yí ìlú náà ká. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ reluwé, ọ̀pọ̀ ojú irin náà sì di igbó. Ní 1999, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Georgia Tech, Ryan Gravel, kọ ìwé àṣejáde rẹ̀ lórí bí a ṣe lè so àwọn ojú irin tí a pa tì yìí pọ̀ di òrùka kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 22, kí ọkọ̀ oníná mànàmáná máa rìn lórí rẹ̀. Ìlú gba èrò náà wọlé ní 2005, wọ́n sì sọ iṣẹ́ náà ní BeltLine, bí ẹni pé ìgbànú ni wọ́n sán mọ́ ìlú náà nídìí. Ní 2012 ni apá ìlà oòrùn rẹ̀ di rírìn fún ẹlẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ ni kò dé.

Bí ènìyàn bá dúró lórí ọ̀nà yẹn, ohun mẹ́ta ni ojú rẹ̀ yóò rí: kọnkéré tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14, níbi tí àwọn ọmọdé àti ajá wọn ń sáré, igi tí wọ́n gbìn sí etí ilẹ̀ náà, àti ilẹ̀ gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré náà tí koríko nìkan wà lórí rẹ̀, tí igi kò sí, tí ilé kò sí. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò rò pé owó ni ó tán lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àyè ọkọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Trees Atlanta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, ni ó ń bójú tó igi ibẹ̀. Wọ́n ti sọ òrùka náà di ọgbà igi níbi tí a ti ń to oríṣiríṣi igi jọ láti fi wọ́n kọ́ ènìyàn, àyè ọkọ̀ sì wà níbẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí igi ṣe ga tó ni gbòǹgbò rẹ̀ ṣe wọlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ gbòǹgbò kì í jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3 lọ. Fífẹ̀ ni wọ́n ń fẹ̀, wọn a sì kọjá ibi tí ibòji ẹ̀ka mọ. Nítorí náà, igi tí ó dúró jẹ́jẹ́ ní etí ọ̀nà lè ti na ọwọ́ sí àyè ọkọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Bí katakata bá wá gbẹ́ ilẹ̀ irin lọ́jọ́ kan, ọ̀pọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ lè gé, ìjì kan ṣoṣo sì lè dà á wó lu ẹni ẹlẹ́ni. Lókè, wáyà iná ọkọ̀ kò fẹ́ kí ẹ̀ka kàn án. Ewé pẹ̀lú ní ẹjọ́ tirẹ̀: èyí tí ó bá já sórí irin, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì lọ̀ ọ́ kúnná, a máa yọ̀ bí ìgbà tí a da ọbẹ̀ ilá sórí rẹ̀, awakọ̀ a tẹ bíréèkì, ọkọ̀ a sì máa yọ́ lọ. Àwọn ará wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ìyà rẹ̀ ń jẹ wọ́n nígbàkígbà tí ìgbà ìwọ́wé bá dé. Ẹni tí ó bá ń gbin igi sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọmọ igi tí ó gbé lọ́wọ́ wọn àyè. Àgbà igi tí kò tíì rí ni yóò fi wọ̀n ọ́n.

Gbígbìn náà kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Orí òkúta wẹ́wẹ́ ni reluwé àtijọ́ rìn, ìwúwo rẹ̀ ti ki ilẹ̀ pọ̀ bí ilẹ̀ ilé, oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko àti èyí tí wọ́n fi ń rẹ igi abẹ́ irin sì lè kù sínú erùpẹ̀. Kudzu pẹ̀lú wà níbẹ̀, ìtàkùn tí wọ́n kó wá láti Japan, tí í bo odidi igi mọ́lẹ̀ bí aṣọ. A ní láti kọ́kọ́ tu òun kúrò. Láti oṣù October títí di March, nígbà tí igi ń sùn, ni wọ́n ń gbìn ín. Ihò kì í jìn ju ìṣù erùpẹ̀ ìdí igi lọ, ṣùgbọ́n a máa fẹ̀ tó ìlọ́po 2 tàbí 3 rẹ̀. Bí a bá yọ ọmọ igi náà nínú ike, tí a rí i pé gbòǹgbò ti lọ́ mọ́ ara wọn roboto, ọ̀bẹ ni a ó fi là wọ́n. Bí a bá ṣàánú wọn, ọrùn igi náà gan-an ni wọn yóò fún pa lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ibi tí ìdí igi ti ń fẹ̀ lọ sí gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn lórí ilẹ̀. A ó wá fi èèpo igi wẹ́wẹ́ yí i ká bí òrùka, láìjẹ́ kí ó kan ara igi, a ó sì máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn 2 tàbí 3 àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ti ṣe gbogbo làálàá yìí lórí igi kan kì í fẹ́ gbọ́ pé a ó gé e, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti le.

Láti kékeré ni a ti í ṣẹ́ ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ní 1983, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé a lè fi ojú irin tí a pa tì ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ilẹ̀ náà má baà fọ́nká, kí reluwé sì lè padà sórí rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ní 1985 ni ọkọ̀ ìkẹyìn rìn lórí ojú irin àtijọ́ kan tí ó gba ìlú Bethesda kọjá ní Maryland níbẹ̀. Ní 1988 ni ìjọba agbègbè Montgomery ra ilẹ̀ náà, wọ́n sì sọ ìdajì ìlà oòrùn rẹ̀ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú èrò ọkọ̀ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ yìí pẹ́. Igi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ pé ẹyẹ àti afẹ́fẹ́ ni ó gbìn wọ́n dìde ní ìhà méjèèjì, ẹ̀ka wọn pàdé lókè bí òrùlé, àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ sì kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn lábẹ́ wọn. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ Purple Line wá dé, èyí tí yóò rin máìlì 16 láti Bethesda dé New Carrollton ní agbègbè Prince George's, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àwọn olólùfẹ́ ọ̀nà náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní 2014. Ní 2016, adájọ́ Richard Leon dá iṣẹ́ dúró. Ní 2017, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ú lọ ṣí i sílẹ̀. Ní oṣù September ọdún yẹn ni wọ́n ti ọ̀nà pa, ayùn sì wọ inú igi.

N kò lè dá àwọn tí ó sunkún nítorí igi náà lẹ́bi, n kò sì lè dá àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ lẹ́bi, nítorí ẹni tí ó ń wọ bọ́ọ̀sì méjì dé ibi iṣẹ́ ìmọ́tótó ní òwúrọ̀ kùtù mọ ohun tí ọkọ̀ yóò ṣe fún un. Ẹ̀bi tí mo rí ni pé ilẹ̀ jẹ́ àyálò, igi kò sì mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó jókòó lábẹ́ igi náà kò mọ̀ pẹ̀lú. Ìwé àdéhùn inú àpótí ìjọba kò tó láti sọ fún wọn. Àwọn baba wa kò fi ààlà pamọ́ sínú ìwé. Pérègún ni wọ́n gbìn sí i, kí ọmọdé tí kò mọ̀wé lè rí i. Ohun tí Atlanta ṣe sún mọ́ èyí: igi ọlọ́jọ́ gígùn dúró sí etí, koríko dúró sí àyè ọkọ̀. Èmi ìbá fi kún un pé kí a kọ pátákó síbẹ̀ ní gbangba, kí ó sọ pé irin ń bọ̀ níhìn-ín, kí ó sì sọ igi tí yóò kù àti èyí tí yóò lọ.

Ní 2025, Andre Dickens, olórí ìlú Atlanta, kéde pé ìhà gúúsù ni òun yóò gbájú mọ́ báyìí fún iṣẹ́ ọkọ̀, dípò ìlà oòrùn. Yóò ṣòro fún ẹni tí òòrùn Georgia ń pa lórí kọnkéré láti wo ilẹ̀ gbọọrọ náà kí ó má fẹ́ gbin igi óákù kan sí àárín rẹ̀. Èmi ìbá ní kí wọ́n fún un ní ṣọ́bìrì, kí wọ́n mú un lọ sí etí ilẹ̀, níbi tí àyè ṣì wà, kí ó gbẹ́ ihò rẹ̀ fẹ̀ dáadáa.