Táyà Fífẹ̀ fún Kẹ̀kẹ́ Tókúnbọ̀: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Rà Á

Lóṣù Keje tó kọjá, táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi jò lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kẹ̀kẹ́ tókúnbọ̀ ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń sáré ìdíje, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Òun ni mo máa ń gùn láti Oda Road lọ sí láàbù wa ní FUTA. Lọ́jọ́ tó jò lẹ́ẹ̀kẹta, ó yẹ kí n yọ ohun tí mò ń gbẹ nínú ẹ̀rọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo pẹ́ débẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin sì bàjẹ́.

Fọ́kánáísà tó bá mi lẹ̀ ẹ́ fa tíúbù jáde, ó fi hàn mí. Kì í ṣe ìṣó ló gún un. Ihò méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú ibi tí ejò ti bu èèyàn jẹ. Ó ní, “Àbúrò, táyà rẹ yìí ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ọ̀nà wa. Lọ wá èyí tó fẹ̀.”

Òótọ́ ló sọ. Àmọ́, báwo ló ṣe yẹ kó fẹ̀ tó?

Afẹ́fẹ́ ló ń gbé wa

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe rọ́bà ló ń gbé ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni. Nítorí kí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ má baà máa gbọ̀n jìgìjìgì ni John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko kan ní Belfast, ṣe ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ tó gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1888.

Èmi, kẹ̀kẹ́ àti báàgì mi jẹ́ bíi kílò 82. Nǹkan bíi kílò 49 nínú rẹ̀ ló ń wà lórí táyà ẹ̀yìn. Tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 100 psi, ibi tí táyà fi kan ilẹ̀ kò ju 7 cm² lọ. Tí mo bá dín in kù sí 70 psi, ó di bíi 10 cm². Afẹ́fẹ́ tó bá kéré máa ń jẹ́ kí táyà gba òkúta mọ́ra. Èyí tó bá pọ̀ jù á máa jù yín sókè, agbára tó yẹ kó gbé yín síwájú á sì ṣòfò.

Kí ló dé tí n kò kàn dín afẹ́fẹ́ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ mi kù? Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 23 mm. Bí ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni kò ṣe ga. Tí ó bá kó sí kòtò, etí kòtò á tì í títí á fi kan ríìmù, etí ríìmù méjèèjì á sì gé tíúbù. Ìdí nìyẹn tí ihò fi jẹ́ méjì. Táyà tó fẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀, ó lè lo afẹ́fẹ́ tó dín kù láìsí wàhálà yẹn.

Ṣé kò ní máa fà? Rárá o. Tí ìfúnpá afẹ́fẹ́ méjèèjì bá dọ́gba, ibi tí wọ́n fi kan ilẹ̀ dọ́gba. Àmọ́ ti táyà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gùn, ti fífẹ̀ máa ń kúrú. Èyí tó gùn ń mú kí ẹ̀gbẹ́ táyà tẹ̀ jù bó ṣe ń yí, ìtẹ̀ yẹn ló sì ń sọ agbára ẹsẹ̀ yín di ooru lásán.

28 kan ò jọ 28 kan

Mo dé ọjà, mo ní mo fẹ́ 28. Wọ́n gbé 28 fún mi lóòótọ́, díẹ̀ ló kù kí n sanwó. Èyí tí mo fẹ́ ni 700 x 28C: 28 mm ni ìbú rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé wá ni 28 x 1½: 28 ínṣì ni gíga rẹ̀, ti Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko ni.

Ẹ wo nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Tèmi jẹ́ 28-622, ìyẹn jẹ́ 40-635. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú. Èyí tó kẹ́yìn ni ìwọ̀n ibi tí táyà ti ń jókòó sórí ríìmù. 13 mm ni wọ́n fi jura lọ, kò lè bá ríìmù mi mu láéláé.

Báwo lẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n?

Tí ìbú táyà bá fi 5 mm lé sí i, àyè ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dín ní 2.5 mm péré. Ṣùgbọ́n àyè òkè á dín ní bíi 5 mm, torí táyà ń ga bó ṣe ń fẹ̀. Nítorí náà, abẹ́ bíréèkì àti abẹ́ orí fọ́ọ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Mo fẹ́ kí 4 mm ṣẹ́ kù níbi gbogbo. Fún ẹni tó ń kúrò lórí 23 bọ́ sí 28, àyè òkè gbọ́dọ̀ tó 9 mm báyìí, ti ẹ̀gbẹ́ 6.5 mm. Òkè tèmi jẹ́ 10 mm, ẹ̀gbẹ́ sì tó 7 mm. 28 wọlé. 32 tí ọkàn mi ń fà sí ì bá nílò 13 mm. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ táyà tuntun, Allen key oní 4 mm gbọ́dọ̀ lè kọjá yípo.

Ẹ má fojú kéré 4 mm yẹn. Tí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ á lẹ̀ mọ́ táyà. Tí àyè ò bá sí, táyà iwájú lè há lójijì, orí lẹ ó sì fi gúnlẹ̀.

Ní ti afẹ́fẹ́, mò ń lo bíi 75 psi lẹ́yìn àti 65 níwájú. Ẹ má kọjá èyí tí wọ́n kọ sára táyà. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ fọ́kánáísà lẹ fẹ́ lò, ẹ ní kó máa fún un díẹ̀díẹ̀, torí tíúbù kékeré tètè ń bẹ́.

Látìgbà tí mo ti wọ 28, ó jò lẹ́ẹ̀kan péré. Ìṣó ló gún un. Fọ́kánáísà yẹn náà ló tún bá mi lẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣebí mo sọ fún ẹ.” Mo ní, “Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ fún mi pé kí n wọ̀n ọ́n.”