Àrùn diphtheria: Wo bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń sọ bakitéríà di apani

Kì í ṣe gbogbo bakitéríà diphtheria ló ní májèlé tó ń pa ọmọdé. Èyí tó bá ní i, ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì ló ti gbà á.

Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2022, ìròyìn kàn pé wọ́n fura sí àrùn diphtheria ní ìpínlẹ̀ Kano àti Èkó. Kano ló jẹ jù nínú ìyà rẹ̀. Lọ́dún 2023, àrùn náà tún ṣọṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Niger àti Guinea.

Ibà, ọ̀fun dídùn àti ọrùn wíwú wà lára àmì rẹ̀. Nǹkan tó rí bí awọ, tó ní àwọ̀ eérú, sì lè bo ọ̀nà ọ̀fun débi tí èémí kò ní ráyè kọjá.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Bí àwọn fáírọ́ọ̀sì kan ṣe ń kọlu ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bakitéríà nìkan ni wọ́n ń kọlù. Fáírọ́ọ̀sì náà á lẹ̀ mọ́ bakitéríà lára, á sì ti jíìnì rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Jíìnì yìí ni ìtọ́ni tó ń sọ ohun tí ẹ̀dá abẹ̀mí yóò máa ṣe.

Nígbà mìíràn, fáírọ́ọ̀sì á pọ̀ sí i nínú bakitéríà títí tí bakitéríà náà á fi bẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, jíìnì àlejò yìí á rọra jókòó sáàárín ti onílé. Bí bakitéríà bá ti ń bí sí i, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ń jogún rẹ̀. Nínú àrùn diphtheria, ìtọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe májèlé wà nínú ẹrù tí àlejò náà gbé wá.

Ta ló ṣàwárí rẹ̀?

Lọ́dún 1951, Victor Freeman ní Amẹ́ríkà mú bakitéríà diphtheria tí kò ní májèlé, ó sì jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì kọlù wọ́n. Àwọn tó yè é bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe májèlé.

Lọ́dún 1996, Matthew Waldor àti John Mekalanos fi hàn pé ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì ni bakitéríà onígbáméjì náà ti gba jíìnì májèlé tirẹ̀.

Kí ló kan òbí níbẹ̀?

Májèlé diphtheria kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ara rí purotéènì ṣe, sẹ́ẹ̀lì náà á sì kú. Ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn. Oògùn apakòkòrò ń pa bakitéríà, àmọ́ kò lè pa májèlé tó ti jáde. Ìdí nìyí tí aláìsàn fi nílò oògùn tó ń ká májèlé lọ́wọ́ kò, kó sì tètè rí i gbà, torí pé oògùn náà kò lè ran sẹ́ẹ̀lì tí májèlé ti wọ̀ lọ́wọ́ mọ́.

Májèlé yìí kan náà, tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀ kúrò, ni wọ́n fi ń ṣe àjẹsára diphtheria. Ó ń kọ́ ara bí yóò ṣe dá a mọ̀, tí yóò sì ká a lápá kò. Ní Nàìjíríà, ó wà nínú abẹ́rẹ́ Penta tí wọ́n ń gún fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá.

Àmọ́ ẹni tó ti gba àjẹsára ṣì lè gbé bakitéríà náà sọ́fun láìṣàìsàn. Ọmọ tí kò tíì gbà á nínú ilé kan náà ló wà nínú ewu.