Ta ló fi ìjánu sí sáyẹ́ǹsì lẹ́nu nínú Brave New World?

Bí ìròyìn ọmọ inú ìgò bá ti jáde, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi dárúkọ Brave New World, ìwé tí Aldous Huxley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lọ́dún 1932. Kì í ṣe láìnídìí. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe ọmọ nínú ìtàn náà. Ẹyin kan lè pín di ènìyàn 96 tó jọra bí ìbejì, ọlẹ̀ tí wọ́n bá sì ti yàn fún iṣẹ́ rírẹlẹ̀, wọn a dín ọ́síjìn rẹ̀ kù kí ọpọlọ rẹ̀ má baà pé. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé wá mú níbẹ̀ ni pé sáyẹ́ǹsì ti sáré kọjá agbára ọmọ aráyé. Lójú tèmi, òdìkejì gan-an ni ìwé náà ń sọ: ìjọba ibẹ̀ ti so sáyẹ́ǹsì mọ́lẹ̀.

Ẹ wo orí 16, níbi tí Mustapha Mond, ọ̀kan nínú àwọn alákòóso ayé mẹ́wàá, ti ń ṣàlàyé. Onímọ̀ físíìsì ni tẹ́lẹ̀, ó ń wádìí kọjá ibi tí wọ́n gbà á láyè dé, kó tó yan ipò àṣẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àbá tó lè dín làálàá òṣìṣẹ́ kù ló wà lọ́fíìsì ìjọba tí wọn kò lò. Wọ́n dán iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ wò ní Ireland. Ara àwọn ènìyàn kò balẹ̀, wọ́n túbọ̀ ń gbé soma, oògùn ìgbàgbé wọn, mì, ni wọ́n bá pa á tì. Ìdá kan nínú mẹ́ta ará ìlú ṣì wà lóko, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ lè pèsè oúnjẹ kíákíá ju oko lọ. Kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀ ni.

Ẹnìkan lè ní, bí inú wọn bá ṣáà ń dùn, kí ló kù? Ṣùgbọ́n ojú oorun ni wọ́n ti kọ́ wọn ní ìdùnnú náà láti kékeré, wọ́n sì ti fi òfin dènà Shakespeare àti ìwé àtijọ́, kí wọ́n má rí ohun tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n wò.

Àtakò tó lágbára jù ni pé láìsí ìgò, ìjọba wo ni ì bá lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ wo ayé tiwa: Louise Brown, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe oyún rẹ̀ lóde ara ìyá, wáyé ní Oldham lọ́dún 1978. Àwọn tó ń wá ọmọ ni ìmọ̀ náà ṣe lóore, kò sí ìjọba tó fi pín ènìyàn sí ipò. Òótọ́ ni pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, He Jiankui, sáré jù ní Ṣáínà lọ́dún 2018, nígbà tó kéde pé òun ti tún jíìnì àwọn ìbejì kan ṣe; òfin sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Nínú ayé Huxley, òfin fúnra rẹ̀ ló ni ìgò. Ní 1927, ọdún márùn-ún ṣáájú ìwé náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí òfin ìpínlẹ̀ Virginia tó jẹ́ kí ìjọba ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn tí wọ́n pè ní aláìpé-ọpọlọ, kí wọ́n má baà bímọ. Abẹ dókítà lásán ni wọ́n lò; ìgò kankan kò sí níbẹ̀.