Àwo Nọ́ńbà Iwájú àti Ike Bọ́ńpà Tó Ń Gbé E

Òfin ìrìnnà ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2012 là á kalẹ̀ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ ní àwo nọ́ńbà níwájú àti lẹ́yìn, kí méjèèjì sì hàn kedere sí ẹni tó bá ń wò wọ́n. Nítorí náà, mọ́tò tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílùú Ìlọrin, yálà ó ń ná Táńkè sí Pósófíìsì ni o tàbí inú ọgbà ni olówó rẹ̀ gbé e sí, kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní àwo pẹlẹbẹ kan níwájú, èyí tí orúkọ ìpínlẹ̀ Kwara àti àkọlé rẹ̀, State of Harmony, wà lókè rẹ̀, tí lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta àti lẹ́tà méjì sì wà nísàlẹ̀ wọn. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ni ó ń ṣe àwo yìí fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ọdún 2011 ni wọ́n sì gbé irú èyí tó wà lóde báyìí jáde, láti fi rọ́pò irú ti ọdún 1992. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ohun tí wọ́n kọ sára àwo náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń fiyè sí ohun tí àwo náà jókòó lé, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí wọ́n so mọ́ bọ́ńpà, tí a lè pè ní ike agbénọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ bọ́ńpà ti ń bàjẹ́.

Ìwọ̀n àwo náà ni ó kọ́kọ́ ń dá wàhálà sílẹ̀. Àwo nọ́ńbà Nàìjíríà gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì ga tó 15, èyí tó bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba, nígbà tí ti ilẹ̀ Yúróòpù gùn tó 52 tí gíga rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 11 lọ. Tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́tò tí àwọn ará Ìlọrin ń rà, ìyẹn mọ́tò tí ẹlòmíràn ti lò nílẹ̀ òkèèrè kó tó gba orí òkun dé. Níbi tí ó sì ti wá ni yóò sọ bí iwájú rẹ̀ yóò ṣe rí. Èyí tó bá ti Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù wá yóò gbé ike gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání, àwo Kwara kò sì lè wọnú rẹ̀ láìyọ jáde lókè àti nísàlẹ̀. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá tún pín sí ọ̀nà méjì, nítorí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ń ṣe òfin tirẹ̀: Texas, New York, Virginia àti Maryland ń béèrè nọ́ńbà iwájú, ṣùgbọ́n Florida, Georgia, Pennsylvania àti Michigan kò béèrè rẹ̀. Toyota Camry tí wọ́n lò ní Florida lè dé Ìlọrin láìní ihò kankan níwájú bọ́ńpà rẹ̀, nígbà tí èyí tó ti Texas wá yóò ní ike agbénọ́ńbà tó ti gbó sínú oòrùn, tí sukúrù rẹ̀ ti dípẹtà, tàbí kí ó jẹ́ ihò tí ike náà ti kúrò lórí rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so nọ́ńbà mọ́ mọ́tò bẹ́ẹ̀ nílé kò mú sùúrù dání. Ọmọkùnrin kan á fi ìṣó gbígbóná tàbí ẹ̀rọ ìlu-ihò lu bọ́ńpà níbi tí ojú rẹ̀ bá yàn, á ki sukúrù gígùn bọ̀ ọ́, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Kò bèèrè ohun tó wà lẹ́yìn ike náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá irin tó ń gba ìkọlù mọ́ra wà níbẹ̀. Lókè tàbí nísàlẹ̀ ọ̀pá náà, kò sí ohun púpọ̀ láàárín ike àti kọ̀ǹdẹ́ńsà ẹ̀rọ amúlétutù mọ́tò, èyí tó jẹ́ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí gáàsì ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ó sì wà níwájú ráídétọ̀ gan-an. Sukúrù tó bá gùn jù lè kan án nígbà tí nǹkan bá ti bọ́ńpà sẹ́yìn díẹ̀, ẹni tó ni mọ́tò á sì máa ra gáàsì kiri láìmọ̀ pé sukúrù nọ́ńbà ni kò jẹ́ kí ó yé jò dànù. Ìpẹtà tó ń ṣàn wálẹ̀ láti ara sukúrù olówó pọ́ọ́kú, tí ó ń fa ilà pupa sí bọ́ńpà funfun lásìkò òjò, kéré sí èyí, ṣùgbọ́n òun náà ń ba ọ̀dà jẹ́.

Kí òye ìtúnṣe tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ̀ pé bọ́ńpà òde òní kì í ṣe irin mọ́. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti ọdún 1975, àti Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Èkó ní ìgbà kan náà, ní bọ́ńpà irin dídán. Bí ó bá tẹ̀, panẹ́ẹ̀bítà, ìyẹn oníṣẹ́ tó ń na ara mọ́tò pẹ̀lú òòlù, á gbé e lé irin, á nà á títí yóò fi tọ́. Ọwọ́ àwọn àgbà oníṣẹ́ yẹn gún régé débi pé ènìyàn kì í mọ ibi tí mọ́tò ti gbá nǹkan, iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ ní ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Renault ti gbé Renault 5 jáde ní ọdún 1972 pẹ̀lú bọ́ńpà oníke ni ike ti ń gba ipò irin díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ojú ń rí níwájú Corolla lónìí jẹ́ awọ ike lásán, tí fóòmù wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ọ̀pá irin tó kàn. Òòlù kò wúlò fún irú awọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ṣì ń fi ìmọ̀ irin tọ́jú ike, ibẹ̀ sì ni owó oníbàárà ti ń ṣòfò.

Irú ike tó wọ́pọ̀ jù nínú bọ́ńpà ni polypropylene tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà kí ó lè máa tẹ̀ láìṣẹ́. Wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà sí ẹ̀yìn rẹ̀, bíi PP+EPDM tàbí TPO, tí ẹni tó bá tú bọ́ńpà sílẹ̀ yóò rí. Bí lẹ́tà náà bá ti parẹ́, oníṣẹ́ lè fi abẹ fá ìrẹ́pẹ́ kékeré láti ẹ̀yìn bọ́ńpà, kí ó jù ú sínú abọ́ omi: polypropylene sábà máa ń léfòó nítorí pé ó fúyẹ́ ju omi lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ike mìíràn máa ń rì. Ìdánwò yìí ṣe pàtàkì, torí pé polypropylene kò fẹ́ràn kí nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn. Súpàgúlù kì í dì í mú pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà máa ń bó kúrò lára rẹ̀ bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi oògùn ìlẹ̀mọ́ tó wà fún ike kùn ún. Fílà, ìyẹn èròjà ìdíhò tí wọ́n ń pò pẹ̀lú hádínà, oògùn tó ń mú un le, tí wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ irin, máa ń le gbagidi lórí rẹ̀. Nígbà tí bọ́ńpà bá sì tẹ̀ nítorí kòtò ọ̀nà, fílà náà kò ní tẹ̀ bá a, yóò là, yóò sì ṣubú ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn tó ń fi fílà irin bo ihò ike, tí wọ́n sì ń kun ọ̀dà lé e kí wọ́n tó tà á, ń tan ẹni tó rà á jẹ.

Ní ti yíyọ ike agbénọ́ńbà, iṣẹ́ náà kò le bí ènìyàn bá kọ́kọ́ mọ ohun tó dì í mú. Bí ó bá jẹ́ sukúrù tó ti dípẹtà, wọ́n á ta epo ìtú-ìpẹtà sí i, wọ́n á sì jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbìyànjú láti tú u, nítorí pé ẹni tó bá fi agbára tú u lójú ẹsẹ̀ yóò fọ́ orí rẹ̀, tàbí kí ike yí pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdè kékeré tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ihò tí kò ní ẹnu sukúrù, orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n á fi ẹ̀rọ ìlu-ihò fá, kí ìdí rẹ̀ sì bọ́ sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n fi téèpù tó ní àtè lójú méjèèjì lẹ̀ ló gba sùúrù jù: wọ́n á rọ omi gbígbóná, tí kì í ṣe èyí tó ń hó, sí i kí àtè rẹ̀ rọ̀, wọ́n á ki okùn ìpẹja sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa fà á síwá sẹ́yìn bí ayùn títí yóò fi gé àtè náà. Abẹ tàbí sukurudẹ́rẹ́fà tí wọ́n bá fi yọ ọ́ tipátipá yóò ha ọ̀dà. Àtè tó bá ṣẹ́kù lára bọ́ńpà ń rọ̀ bí wọ́n bá fi òróró ìsebẹ̀ pa á, kí wọ́n tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́; tínà, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, kò dára fún un, torí pé ó lè jẹ ọ̀dà, pẹ̀tírólù sì lè gbiná.

Lẹ́yìn yíyọ ni ìtúnṣe ń bẹ̀rẹ̀. Bọ́ńpà tó kàn tẹ̀ wọlé kò nílò fílà rárá: omi gbígbóná tí wọ́n bá rọ sí i ń sọ ike di rírọ̀, ọwọ́ láti ẹ̀yìn sì lè tì í padà sí ipò rẹ̀. Ìlà tó bá wà lára ike àti ihò ńlá ni wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú dáadáa. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn kí sáńpépà tó kàn án, nítorí pé sáńpépà tí wọ́n bá fi fá ìdọ̀tí yóò rọ ọ̀rá wọnú ike. Wọ́n á lu ihò kékeré sí òpin ìlà náà kí ó má bàa gùn sí i mọ́. Wọ́n á gbẹ́ ẹ ní ọ̀nà tó fẹ̀ lókè tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, wọ́n á tẹ àwọ̀n irin wẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú irin ìjóná, wọ́n á sì yọ́ ike irú kan náà kún àyè tó wà níwájú. Bọ́ńpà àlòkù tó ti bàjẹ́ kò ṣọ̀wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù panẹ́ẹ̀bítà. Ẹ̀já tí wọ́n bá gé láti ara èyí tó ní lẹ́tà kan náà lẹ́yìn wúlò gidigidi, ó sì kéré lówó ju ọ̀pá ike tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè lọ. Polypropylene ń yọ́ nígbà tí ooru bá dé nǹkan bí 165 ní ìwọ̀n Celsius. Bí ó bá ń rú èéfín, ooru ti pọ̀ jù, ike sì ti ń jóná. Bí àwọn arúgbó ṣe ń fi okùn rán igbá tó là ni àwọn kan ṣe ń fi wáyà rán bọ́ńpà lóde Ìlọrin, ó sì lè gbé mọ́tò dé ilé, ṣùgbọ́n ìrán náà kò dá agbára padà fún ike, àwọn ihò tuntun tí wáyà gbà kọjá tún ń di ibi tí ìlà mìíràn yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìfá ojú rẹ̀ ń lọ láti orí sáńpépà tó le lójú, bíi nọ́ńbà 80, sí 180 àti 320, kí wọ́n tó fi 400 tàbí 600 tí wọ́n rẹ sómi parí rẹ̀. Ojú ọjọ́ Ìlọrin wá ń ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ nígbà tí ó bá kan ọ̀dà. Lásìkò ọyẹ́, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, eruku tó ń ti ìhà àríwá fẹ́ wá máa ń bà lé ọ̀dà tútù, nítorí náà ó dára kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì kun ún ní òwúrọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó le. Nígbà ooru oṣù kẹta, tínà máa ń gbẹ kí ọ̀dà tó balẹ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ á sì rí hángunhàngun, àfi bí pẹ́ńtà bá lo tínà tó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Lásìkò òjò ẹ̀wẹ̀, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lè sọ ọ̀dà di funfun bí ìkùukùu. Nọ́ńbà àwọ̀ mọ́tò wà lára ìwé pélébé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, bíi 040 fún funfun Toyota àti 202 fún dúdú rẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ti ń pa àwọ̀ tòkunbọ̀ dà láti ọdún pípẹ́, pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ dán ọ̀dà wò lórí páálí, kí ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kí ó tó fi kun bọ́ńpà.

Ohun tó ń dunni jù nínú iṣẹ́ yìí ni ti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Hádínà tí wọ́n ń pò mọ́ kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń mú bọ́ńpà dán, ní èròjà kan tó ń jẹ́ isocyanate, èyí tó lè fa ikọ́ fée tí kò ní tán lára ẹni tó bá fà á símú léraléra. Ó sì ti pẹ́ tí HSE, àjọ tó ń bójú tó ìlera òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń kìlọ̀ fún àwọn pẹ́ńtà mọ́tò nípa rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò lè dá a dúró, nítorí pé ó ń gba inú òwú kọjá, ìbomú tó ní èédú nínú sì wọ́n fún ọ̀pọ̀ wọn. Bí ọ̀gá kan bá lè ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ó yẹ kí ó ra ìbomú fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa kun ọ̀dà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tó ń jáde, tí kò sí ọmọdé tàbí oníbàárà nítòsí.

Nígbà tí bọ́ńpà bá ti gbẹ, tí ó sì ti lo ọjọ́ mélòó kan nínú afẹ́fẹ́ kí ọ̀dà náà lè le, wọ́n lè wá so nọ́ńbà padà. Ike agbénọ́ńbà tó bá ìwọ̀n Nàìjíríà mu, tí ihò rẹ̀ sì bá ti àwo náà dọ́gba, ló dára jù. Bọ́ńpà tó bá sì ní ibi tí olùṣe rẹ̀ ti tẹ àmì sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí wọ́n lu. Sukúrù kúkúrú aláìdípẹtà pẹ̀lú wọ́ṣà rọ́bà lábẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwo gbọ̀n, kì í sì í pa ike lára. Kí wọ́n má gbé àwo bo ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí ráídétọ̀, tàbí ojú sẹ́ńsọ̀ tó wà níwájú àwọn mọ́tò tuntun, kí wọ́n sì fi ọwọ́ gbọ́n ọn wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é, torí pé kòtò àkọ́kọ́ tí mọ́tò náà bá kó sí lójú ọ̀nà ló máa dán an wò.