Bí Oògùn Apakòkòrò Bá Wọ Inú Ara: Ìdí Tí Ilé-Ìwòsàn Fi Ju Epo Pupa Lọ

Oògùn apakòkòrò ti di ohun èlò nínú ọ̀pọ̀ ilé àti oko ní ìpínlẹ̀ wa. Ọ̀kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni dichlorvos, tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ bíi Sniper. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré ní ọjà gbangba àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ewu náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọdé lè rò pé ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni. Àgbẹ̀ lè fà á símú lóko. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, epo pupa tàbí mílíìkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń wá. A fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí èyí kò fi tó.

Bí ọpọlọ bá fẹ́ kí ẹ̀yà ara ṣiṣẹ́, ìránṣẹ́ ni ó ń rán. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ náà ni èròjà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní acetylcholine. Ó dà bíi kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí àgádágodo lára ẹ̀yà náà. Bí ó bá ti jíṣẹ́ tán, ẹ́ńsáìmù kan yóò gé e sọnù. Ẹ́ńsáìmù yìí gan-an ni dichlorvos ń dè lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ yóò wá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ: itọ́, omijé àti òógùn yóò máa dà, ọmọlójú yóò kéré bí orí abẹ́rẹ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru yóò bẹ̀rẹ̀, omi yóò kún ẹ̀dọ̀fóró, iṣan yóò máa gbọ̀n, yóò sì rọ, títí èémí yóò fi dúró.

Atropine ni oògùn tí dókítà máa ń kọ́kọ́ fà sí abẹ́rẹ́. Ó jọ kọ́kọ́rọ́ tí ó wọ ihò àgádágodo ṣùgbọ́n tí kò lè ṣí i. Bí ó bá ti jókòó síbẹ̀, acetylcholine kò ní ráyè wọlé. Ẹ̀dọ̀fóró yóò gbẹ, ọkàn yóò sì lù dáadáa. Àmọ́ oríṣi àgádágodo méjì ni ó wà. Èyí tí ó wà lára iṣan tí a fi ń rìn, tí a sì fi ń mí, kò gbọ́ ti atropine. Nítorí náà ni aláìsàn fi lè nílò ẹ̀rọ tí yóò máa bá a mí.

Nígbà mìíràn, kí wọ́n tó ki ọ̀pá ẹ̀rọ náà bọ ọ̀nà ọ̀fun, dókítà a máa lo oògùn tí ń mú iṣan rọ̀. Suxamethonium jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: acetylcholine méjì tí a so pọ̀ ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni agbára rẹ̀ sábà máa ń lò, nítorí pé ẹ́ńsáìmù kan nínú ẹ̀jẹ̀ ń tú u ká. Ṣùgbọ́n dichlorvos ń de ẹ́ńsáìmù yìí náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì lè di wákàtí. Ẹni tí ó bá fi òtítọ́ pamọ́ fún dókítà nítorí ìtìjú ń fi ẹ̀mí aláìsàn wewu.

Ewé àti èso gegemu ní atropine nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wọn iye tí ó wà nínú àgbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá mu ún lè máa ṣe ìrànrán, ọkàn rẹ̀ yóò máa sáré, ó sì lè kú. Ẹ má ṣe lò ó.

Bí ọ̀ràn yìí bá ṣẹlẹ̀, a rọ̀ yín:

- Ẹ pe 112, tàbí kí ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù lọ láìjáfara.
- Ẹ má fún un ní epo tàbí mílíìkì, ẹ má sì fipá mú un bì. Ohun tí ó bá bì lè gba ọ̀nà èémí lọ.
- Bí ó bá dà sí i lára, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ sì fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀.
- Ẹ mú ìgò oògùn náà dání, ẹ sì sọ òtítọ́.

Kí ó má baà ṣẹlẹ̀ rárá, ẹ má rọ oògùn apakòkòrò sínú ìgò ohun mímu. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.