Díẹ̀díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà: Bí Azalin Ọ̀mọ̀wé Ṣe Di Òkú Tó Ń Jọba

Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ náà la ṣì wà. Àbúrò wa kan tó ń ṣe oníidán nínú eré tiwọn fi ìbéèrè ránṣẹ́. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí ọ̀mọ̀wé tí mò ń ṣe yìí bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ńṣe ló ń dà bíi pé ó kàn jí lọ́jọ́ kan, ó di ìkà. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?" Ìbéèrè gidi ni. Azalin ni màá fi dáhùn ẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, inú ayé Ravenloft ni Azalin ń gbé, inú Dungeons & Dragons sì ni Ravenloft ti jáde. Ẹ rántí pé eré orí tábìlì ni: oníkálukú ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀dá kan, dáìsì ló sì ń sọ bóyá ohun tó dáwọ́ lé máa yọrí. Ọdún 1983 ni Tracy Hickman àti Laura ìyàwó rẹ̀ gbé Ravenloft àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tó di 1990, ó di odindi ayé, ilẹ̀ oníkùrukùru tí agbára òkùnkùn pín kélekèle. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní olúwa tirẹ̀, olúwa yẹn gan-an sì ni ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀. Ó lè pàṣẹ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè jáde.

Azalin kò bẹ̀rẹ̀ bí òkú. Oníidán ni, ó sì ń ṣàkóso ìlú kan tó ń jẹ́ Knurl. Ó gbà pé òfin líle ló ń mú ìlú dúró. Irik ọmọ rẹ̀ kò le bíi tirẹ̀, ó láàánú. Ó ran àwọn ọ̀tá bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ láti sá lọ, bàbá sì pa á. Lójú Azalin, òfin kò gbọdọ̀ mojú ọmọ ẹni. Bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, torí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá idán tó máa jí i dìde. Kò tún gbà kí ikú dá òun dúró. Ó di ohun tí wọ́n ń pè ní lich: òkú tó fi idán tọ́jú ẹ̀mí ara rẹ̀ pamọ́, tí ẹran ara rẹ̀ gbẹ, tí làákàyè rẹ̀ sì pé pérépéré.

Ẹ wò ó dáadáa. Òfin, ọmọ, ikú: kò sí èyí tí kò ní àwíjàre nínú ìgbésẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kùrukùru gbé e dé Barovia, ilẹ̀ Strahd tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó yá, òun náà di olúwa ilẹ̀ Darkon, ó sì ní ọlọ́pàá inú tí wọ́n ń pè ní Kargat. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ló máa dun ẹni tó bá ti jókòó ti ìwé rí: kò lè kọ́ idán tuntun kankan mọ́. Èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo kò lè kún un. Idán tó máa jí Irik kò sì sí nínú èyí tó mọ̀. Àlejò tó bá sì pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ ní Darkon máa ń gbàgbé ibi tó ti wá. Ọba kò lè kọ́ ohun tuntun, àlejò kò lè rántí ti àtijọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú ẹ̀ nínú eré yín, Ravenloft àtijọ́ ní òfin kan. Ẹni tó bá hùwà ibi, olùdarí eré á ju dáìsì fún un. Bí ìwà náà bá ṣe burú tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Bó bá bọ́ sí i, agbára òkùnkùn á fún un ní ẹ̀bùn àti ègún pọ̀. Ká ní ojú rẹ̀ wá ń ríran lóru, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Bó bá rìn án dé òpin, ẹ̀dá náà á kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, á di ti olùdarí eré.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí. Wọ́lé Ṣóyínká, tó ti kọ́ni ní yunifásítì wa níhìn-ín, kọ eré Madmen and Specialists lẹ́yìn tó jáde lẹ́wọ̀n ìgbà ogun abẹ́lé. Ọdún 1970 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Dókítà Bero inú rẹ̀ lọ sójú ogun láti wo aláìsàn. Ibẹ̀ ló ti bọ́ sídìí iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, tí ọwọ́ tó ń wosàn wá di ọwọ́ tó ń dáni lóró. Azalin pa ọmọ rẹ̀, Bero sì yìnbọn pa bàbá rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tó kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ewé àti egbò kò jẹ́ kí ìmọ̀ àwọn bọ́ sọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ iná sí ilé tí wọ́n kó ewé náà sí.

Torí náà, àbúrò mi, ohun mẹ́ta ni kí o ṣe. Èkíní, má fi ìkà bẹ̀rẹ̀. Kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó wáyé, jẹ́ kí ọ̀mọ̀wé rẹ sọ ìdí rẹ̀ síta, kí ìdí náà sì jẹ́ èyí tí àwa tó ń gbọ́ máa fẹ́ gbà. Kó jí ìwé kan torí ọmọ tó ń ṣàìsàn, kó tó wá di pé ó ń hú òkú. Èkejì, jẹ́ kó rí nǹkan gbà, kó sì pàdánù nǹkan, kí ìpàdánù náà jẹ́ ohun tó fẹ́ràn jù. Ẹ̀kẹta, fún un ní Irik tirẹ̀. Kí ẹnì kan wà nídìí tábìlì tó lè sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó tó báyìí." Jẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹni náà. Lẹ́yìn náà kó máa dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kó má gbọ́. Ọjọ́ tí kò bá dá a lóhùn mọ́, gbogbo yín á mọ ibi tó dé, ẹ ò ní nílò dáìsì.

Kí o sì ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ sọ ọ́ ṣáájú o, kó má di ìjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ní Ifẹ̀ yìí, ẹ̀yin náà ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín bóyá Irik yín ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ó dìgbà kan ná.